Àjàrà Flame Seedless: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àjàrà pupa tó máa ń kọ́kọ́ pọ́n

Ìlú Fresno ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ni mò ń gbé. Ìtàkùn àjàrà Flame Seedless méjì ló wà lẹ́yìnkùlé mi, mo fà wọ́n sórí wáyà bí a ṣe ń darí ìtàkùn iṣu sórí ọ̀pá. Lọ́dọọdún, bí oṣù keje bá ti wọlé tí mo sì fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sílé, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè gbìn ín sí Ìbàdàn, àwọn kan ń béèrè bóyá ó dára fún ìyá wọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbà pé èso kan lè wà láìní kóró nínú. Mo to ìbéèrè wọn síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn lórí fóònù, àfi pé níbí n kò ní kánjú.

Irú àjàrà wo ni Flame Seedless?

Àjàrà jíjẹ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fún ṣe ọtí. Hóró rẹ̀ rí roboto, kò tóbi púpọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ títí dé pupa tó ti fẹ́ máa ṣú. Èèpo rẹ̀ kò yí lẹ́nu, inú rẹ̀ sì gan: bí eyín bá kàn án, ẹ ó gbọ́ ọ. Ó dùn, ìkan rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ìdì rẹ̀ fẹ̀ lókè bí ẹni tó ní èjìká, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀, hóró inú rẹ̀ kì í sì há mọ́ra bíi ti àwọn àjàrà kan tí wọ́n máa ń fún ara wọn bẹ́. Ọwọ́ iná ni ìtumọ̀ Flame, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Seedless túmọ̀ sí pé kò ní kóró.

Kí ni ìtumọ̀ pé ó ń tètè pọ́n? Oṣù wo gan-an?

Ní àfonífojì San Joaquin, níbi tí Fresno wà, ojú ẹ̀ka àjàrà máa ń là ní nǹkan bí àárín oṣù kẹta. Á tanná nínú oṣù karùn-ún. Nínú oṣù kẹfà, hóró Flame á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà, tó bá fi máa di ìparí oṣù náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, wọ́n ti ń ká a. Ní àkókò yẹn, Thompson Seedless, àjàrà aláwọ̀ ewé tí gbogbo ayé mọ̀, ṣì wà lórí igi, ó ń kan. Crimson Seedless, tí òun náà pupa, kò ní tó ká títí di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án.

Ní àfonífojì Coachella, tó wà nínú aṣálẹ̀ ní gúúsù Kalifóníà, ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù karùn-ún ni wọ́n ti ń gbé ti wọn jáde, ìpínlẹ̀ Sonora ní Mẹ́síkò sì ń bá wọn du ọjà náà. Ẹ fi wé àgbàdo tútù nílé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e dé ọjà lẹ́yìn ẹ̀rùn ló ń rówó gidi. Bí gbogbo oko bá ti yọ, owó á já wálẹ̀. Ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wá àjàrà tó ń tètè pọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ta ló mú un jáde? Kí ni ìran rẹ̀?

Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní Fresno níbí, ló ti jáde. J. H. Weinberger àti F. N. Harmon ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1973.

Àwa kì í mọ ọmọ tán láìmọ orílẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ka ìdílé èyí náà. Ìyá Flame jẹ́ ọmọ àjàrà méjì tí wọ́n ń pè ní Cardinal àti Sultanina. Ní ti bàbá rẹ̀, òbí rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Red Malaga àti Tifafihi Ahmer, òbí kejì jẹ́ ọmọ Muscat of Alexandria àti Sultanina. Ẹ rí i pé Sultanina wọ inú ẹbí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Òun kan náà ni wọ́n ń pè ní Thompson Seedless ní Kalifóníà, láti orúkọ àgbẹ̀ William Thompson tó gbìn ín ní àwọn ọdún 1870. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìníkóró ti wá. Àwọ̀ pupa ní tirẹ̀ wá láti ọ̀nà púpọ̀: Cardinal pupa, Red Malaga pupa, ahmer inú orúkọ Tifafihi Ahmer sì ni pupa lédè Lárúbáwá.

Ṣùgbọ́n títètè pọ́n ńkọ́? Ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ibùdó Fresno yìí náà ni Cardinal ti jáde ní 1946, láti ọwọ́ Elmer Snyder àti Harmon tí a ti dárúkọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé Flame Tokay àti Ribier ló bí Cardinal. Nígbà tí àyẹ̀wò DNA dé, ó tú àṣírí: Ribier, tí orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ń jẹ́ Alphonse Lavallée, jẹ́ òbí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Flame Tokay kò sí níbẹ̀. Òbí kejì jẹ́ àjàrà kan láti Họ́ńgárì, èyí tí János Mathiász mú jáde, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ayaba Ọgbà Àjàrà. Ọmọ Péálì Csaba sì ni Ayaba yìí. Péálì Csaba jáde ní Họ́ńgárì ní 1904, ó sì wà lára àwọn àjàrà tó ń yára pọ́n jù lọ láyé. Nígbà tí wọ́n yẹ òun náà wò, wọ́n bá Madeleine Angevine nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àjàrà ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé. Ìdí tí wọ́n fi ń pe irú àjàrà bẹ́ẹ̀ ní Madeleine ni pé ó máa ń pọ́n sí àyíká ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Magidalénì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí Flame fi ń yára, màá ní kó ka ìdílé rẹ̀ sẹ́yìn: Cardinal, Ayaba, Péálì Csaba, Madeleine. Èyí tó bá lè pọ́n ní oṣù keje nínú òtútù ilẹ̀ Faransé, ẹ wo ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ṣe nínú oòrùn Kalifóníà.

Ṣé wọ́n yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí ni? Àwọn kan sọ pé èso tí kò ní kóró kì í ṣe ti Ọlọ́run.

Rárá, wọn kò yí nǹkan kan padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú àtíkè inú òdòdó àjàrà kan, wọ́n fi kan òdòdó òmíràn, wọ́n gbin kóró tó jáde, wọ́n sì ṣa èyí tó dára jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà yẹn, àjàrà tí kò ní kóró kò lè ṣe ìyá; bàbá nìkan ló lè ṣe, nítorí àtíkè òdòdó rẹ̀ ṣì lágbára.

Sultanina ti wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ìwádìí. Àwọn àgbẹ̀ ló ṣàkíyèsí ìtàkùn tí kóró rẹ̀ kò gbó, wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n gbìn ín. Bí a ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́ náà nìyẹn, láìlo kóró. Ọ̀nà kan náà la ṣì fi ń gbin Flame lónìí, nítorí náà gbogbo ìtàkùn Flame tó wà láyé jẹ́ ẹ̀ka ìtàkùn kan ṣoṣo tí Weinberger àti Harmon yàn.

Báwo ni èso ṣe lè so láìní kóró?

Kóró bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Òdòdó gba àtíkè, oyún dúró, ṣùgbọ́n kóró náà kú ní kékeré kí èèpo rẹ̀ tó le. Bí ẹ bá la hóró Flame sí méjì, tí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ojú rẹ̀ bíńtín níbẹ̀. Ẹnu kò ní mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tó tẹ̀lé èyí. Nínú èso àjàrà, kóró ló ń ṣe oògùn tó ń mú hóró tóbi. Èyí tí kóró rẹ̀ kú kékeré kò rí oògùn yẹn tó, nítorí náà hóró rẹ̀ á kéré. Àwọn ti ẹ̀yìnkùlé mi kéré sí èyí tí ẹ ń rí ní ilé ìtajà, mo sì ń sọ fún àlejò mi kí wọ́n tó jẹ ẹ́ pé kí wọ́n má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ó pupa dáadáa nígbà tí mo rà á, síbẹ̀ ó kan. Kí ló fà á?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi.

Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan so nǹkan méjì pọ̀. A ní ata pọ́n, a ní ó gbó, a tún ní ó pupa, pọ́n kan náà ni. Ojú pọ́n, epo pọ́n, ìbẹ́pẹ pọ́n. Lára tòmátì àti ata rodo, ọ̀rọ̀ yẹn kì í tàn wá. Lára Flame, ó máa ń tàn wá, nítorí pé pupa rẹ̀ àti dídùn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ méjì tí kì í fi gbogbo ìgbà parí lọ́jọ́ kan náà.

Ewé ló ń ṣe ṣúgà, oòrùn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí oòrùn bá pọ̀ tí omi sì wà nílẹ̀, ṣúgà á máa gòkè lójoojúmọ́. Àwọ̀ pupa ní tirẹ̀, inú èèpo hóró ni wọ́n ti ń ṣe é, ooru tó pọ̀ jù sì máa ń dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀sán bá ń kọjá 35°C lemọ́lemọ́, tí òru náà kò sì tutù, èèpo kò ní lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí Flame tó ti dùn dé góńgó tó ṣì rí bí ẹni tí ìtìjú mú díẹ̀, kò tíì pupa tán. Ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀, òru á tutù, hóró á pupa wẹ́ẹ́, nígbà tí ṣúgà inú rẹ̀ kò tíì tó. Oògùn tún wà tí àwọn àgbẹ̀ ńlá ń fọ́n sí i láti mú àwọ̀ rẹ̀ yára, màá dé orí ìyẹn.

Ọjà àkọ́kọ́ ló sì ń fa ìkánjú. Owó tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní pọ̀, òǹrajà sì ń fi ojú rà. Kalifóníà fi òfin gbé ìwọ̀n ṣúgà kalẹ̀ tí àjàrà gbọ́dọ̀ ní kó tó kúrò lóko, ó sì tún ń wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ ju ìkan lọ sí. Ìlànà yẹn dára, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù tí òfin gbà ni, kì í ṣe èyí tó dùn jù.

Ọdún àkọ́kọ́ tí ìtàkùn mi so, mo rí i tó pupa, inú mi dùn, mo ká gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kan débi pé àwọn ọmọ ilé kò parí abọ́ kan. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré tí mo bá fi sùúrù sí i ni ìyàtọ̀. Látìgbà náà, mi ò fi ojú ká àjàrà mọ́, ẹnu ni mo fi ń ká a. Hóró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ṣóńṣó ìdì, ni mo ń tọ́ wò, nítorí èjìká ìdì ló ń kọ́kọ́ dùn, ìsàlẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Bí ìsàlẹ̀ bá dùn, kò sí ewu. Bí ẹ bá wà ní ọjà tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn tọ́ ọ wò, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ mú.

Tí mo bá tọ́jú èyí tó kan náà, ṣé kò ní pọ́n nílé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò?

Kò ní pọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gé àjàrà kúrò lórí ìtàkùn ni dídùn rẹ̀ dúró. Ẹ lè fi ìwé wé e, ẹ lè kó o sínú ìrẹsì, yóò kàn rọ ni.

Kí ni nǹkan funfun bí lẹ́búlẹ́bú tó wà lára rẹ̀? Ṣé kẹ́míkà ni?

Ara rẹ̀ ló ti jáde. Ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, hóró fi ń dá omi inú rẹ̀ dúró kó má baà gbẹ. Bí ẹ bá rí i, ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kan àjàrà náà, ó ṣì tutù. Ẹ fi omi ṣàn án kí ẹ tó jẹ ẹ́, bí a ṣe ń ṣe sí gbogbo èso.

Mo gbọ́ pé oògùn ni wọ́n fi ń mú un tóbi. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí òǹrajà mọ̀ ọ́n bó ṣe rí.

Oògùn àkọ́kọ́ ni gibberellin, èyí tí mo sọ pé kóró máa ń ṣe. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn nígbà tí àjàrà bá tanná kí òdòdó kan lè gbọn dànù, kí àyè lè wà fún ìyókù. Á tún fọ́n ọn nígbà tí hóró bá ti jókòó, kó lè tóbi. Bó bá pọ̀ jù, hóró á tóbi ṣùgbọ́n á pẹ́ kó tó pọ́n, kò sì ní pupa bó ṣe yẹ. Ọ̀nà kejì kò ní oògùn nínú rárá: wọ́n á bó èèpo yíká ìdí ìtàkùn, bí òrùka tín-ín-rín, kí oúnjẹ tí ewé ṣe má lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, kó dúró lókè fún èso. Ojú ọgbẹ́ náà á jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀kẹta ni ethephon, òun ni wọ́n ń fọ́n nígbà tí hóró bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, kó lè pupa kíá.

Èyí tí n kò fẹ́ràn láàárín wọn ni hydrogen cyanamide. Ní Coachella, òtútù kò pọ̀ tó láti mú ìtàkùn sùn dáadáa, nítorí náà wọ́n ń fi í kun ẹ̀ka lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e, kí ojú ẹ̀ka lè là kíá kó sì là pọ̀. Kì í dé inú èso tí a ń jẹ, ẹ̀ka tó gbẹ ni wọ́n ń fi kùn. Òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ kàn án ló wà nínú ewu: ó ń jó awọ ara, bí ẹni náà bá sì mu ọtí ní àsìkò tó ṣiṣẹ́ náà, ara rẹ̀ lè dàrú gidigidi. Ẹni tó bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ní oko àjàrà, kó kìlọ̀ fún un.

Àwọn wo ló ń ká a?

Ọwọ́ èèyàn ni. Àjàrà jíjẹ kò ṣe é fi ẹ̀rọ ká, nítorí hóró tó bá fara pa ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú ooru aṣálẹ̀, òṣìṣẹ́ á gé ìdì kọ̀ọ̀kan, á yọ hóró tó bẹ́, á tò ó sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò ló pọ̀ jù nínú wọn nísinsìnyí. Nígbà kan rí, àwọn ọmọ Filipínì pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀.

Ní oṣù karùn-ún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ Filipínì ní Coachella dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àfi kí wọ́n máa gba dọ́là 1.40 fún wákàtí kan. Kò pẹ́ tí àwọn olóko fi gbà. Àjàrà àkọ́pọ́n kò ní sùúrù. Bí wọn kò bá ká a lọ́sẹ̀ yẹn, owó ọdún náà ti lọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà dé Delano, ìlú kan lókè ní ìhà àríwá, níbi tí àjàrà ti ń pẹ́ pọ́n, àwọn olóko ibẹ̀ kọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án 1965, àwọn òṣìṣẹ́ tí Larry Itliong ń darí jókòó sílé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tí César Chávez ń darí sì dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n bẹ gbogbo Amẹ́ríkà pé kí ẹnikẹ́ni má ra àjàrà. Oṣù keje 1970 ni àwọn olóko Delano tó fọwọ́ síwèé. Flame kò tíì sí lóko nígbà yẹn, àmọ́ inú oko kan náà ló wá bọ́ sí, mo sì máa ń rántí àwọn èèyàn náà nígbà tí mo bá rí àpótí àkọ́kọ́ nínú ọdún.

Báwo ni ẹ ṣe ń tọ́ tiyín?

Flame lágbára, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ó lè bo òrùlé. Mo jẹ́ kí ìdí kan dúró, apá méjì ló sì nà sórí wáyà, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ní oṣù kìíní, nígbà tí ewé ti já tán, mo máa ń gé gbogbo ẹ̀ka tó yọ lórí apá náà kúrò, màá fi kùkùté kúkúrú sílẹ̀, ojú méjì-méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń dun àlejò tó bá rí mi nídìí rẹ̀, wọ́n rò pé mo ti pa igi náà. Orí ẹ̀ka tuntun ni àjàrà ti ń so, àìgé ni yóò jẹ́ kó má so dáadáa. Thompson yàtọ̀: àwọn ojú ìdí ẹ̀ka rẹ̀ kì í so, àfi kéèyàn fi ẹ̀ka gígùn sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀.

Ṣé ó lè so ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́?

Ìtàkùn lè hù. Èso ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Àjàrà tó jẹ́ irú èyí fẹ́ kí òtútù mú òun sùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè jí pọ̀. Ní ilẹ̀ tí kò ní òtútù, ọ̀bẹ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní Nashik ní Íńdíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gé àjàrà lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin fún ẹ̀ka, ní oṣù kẹwàá fún èso, wọ́n á sì ká a ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e. Ní Brasil, lẹ́bàá odò São Francisco, ìlú Petrolina àti Juazeiro ń ká àjàrà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Juazeiro yìí, ìpínlẹ̀ Bahia ló wà, ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá pọ̀ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ibi yẹn fi jọra: ilẹ̀ gbígbẹ ni, odò ni wọ́n ń fa omi rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, òjò ń rọ̀ fún oṣù tó pọ̀ jù nínú ọdún. Èèpo Flame fẹ́lẹ́, bí òjò bá bá a nígbà tó ti ń dùn, á là. Àrùn tó ń bo ewé bí ìyẹ̀fun àti èyí tó ń hù lábẹ́ ewé nínú ọ̀rinrin kì í sì í fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbin ju ìtàkùn méjì lọ, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe ìbòrí fún un. Ẹ gé e nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, kó lè tanná kó sì pọ́n láàárín ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ máa bomi rin ín nídìí, kì í ṣe lórí ewé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, mo gbà á níyànjú pé kó wo ìhà àríwá tí ẹ̀rùn ti gùn. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yáwó nítorí rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé ẹ̀ka kan sínú àpótí ẹrù.

Ẹ dárí jì mí, mi ò ní ṣe é. Ẹ̀ka igi ń gbé kòkòrò àti àrùn tí ojú kò lè rí. Ní àwọn ọdún 1860, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ phylloxera bá igi àjàrà láti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Faransé, ó sì ba ọgbà àjàrà ilẹ̀ náà jẹ́ débi pé orí gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ni wọ́n padà wá ń lọ́ tiwọn mọ́. Àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NAQS, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Àjàrà pupa tí mò ń rí ní Èkó nígbà Kérésì, ṣé Flame ni?

Ó lè jẹ́ òun. Ní oṣù kejìlá, kò sí èyí tó ń pọ́n ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìgbà ooru ni ní Gúúsù Áfíríkà àti Chile, Flame sì wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tẹ́ ẹ ń rí ní oṣù kẹfà lè ti Íjíbítì wá. Ẹ wo bí hóró rẹ̀ ṣe rí. Bó bá rí roboto, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Flame. Bó bá gùn bí ẹyin aláǹgbá, Crimson tàbí òmíràn ni. Àwọn irú tuntun tí hóró wọn tóbi ti ń gba ọjà lọ́wọ́ Flame. Fún ọ̀pọ̀ ọdún òun ló tẹ̀lé Thompson nínú àjàrà jíjẹ ní Kalifóníà. Ní ti adùn, n kò tíì rí èyí tó jù ú lọ lára wọn.

Ṣé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ ẹ́? Ọmọdé ńkọ́?

Nínú gíráàmù 100 àjàrà, ṣúgà tó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 15. Ẹ ka hóró sínú abọ́ kékeré, ẹ má gbé gbogbo ìdì síwájú Mọ́mì, kí dókítà wọn sì mọ̀ sí i.

Fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní hóró odindi láé. Hóró àjàrà rí roboto, ó ń yọ̀, ó lè di ọ̀nà èémí ọmọ pa. Ẹ là á ní gígùn rẹ̀ sí mẹ́rin. Bí ẹ bá ní ajá, ẹ má fún un jẹ rárá, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kó pẹ́?

Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fọ ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ. Ẹ yọ hóró tó bá ti rọ̀ tàbí tó ti bẹ́, nítorí ọ̀kan tó hu ẹbu máa ń kó ran ìyókù. Níbi tó tutù jù nínú fíríìjì ni kí ẹ fi í sí, nínú ọ̀rá tó ní ihò. Ẹ wo igi ìdì rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á: bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ká a, bó bá ti gbẹ tó sì di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, mo máa ń sá a sórí pẹpẹ onígi nínú oòrùn oṣù kẹjọ, mo fi àwọ̀n bò ó nítorí ẹyẹ. Á tó kílò mẹ́rin kó tó gbẹ di kílò kan. Ó máa ń dúdú, ó sì máa ń dùn ju ti inú páálí lọ. Èyí ni mo máa ń dì sínú ẹrù wá sílé, nítorí òun kò ní ojú tó lè hù.